Bí A Ṣe Ń Ṣírò Èrè Tó Wà Nínú Ọjà Tí A Fi Afẹ́fẹ́ CO2 Ṣe

Ẹni tó bá fẹ́ fi owó rẹ̀ sínú ilé iṣẹ́ tó ń sọ afẹ́fẹ́ kábọ́nù dáyọ́ksáídì, tí a máa ń kọ ní CO2, di ohun títà yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ dídùn púpọ̀: pé èéfín tí ilé iṣẹ́ ń tú sófuurufú jẹ́ ohun èlò ọ̀fẹ́, pé a lè fi ṣe epo, ajílẹ̀, ike àti búlọ́ọ̀kù, pé ayé yóò mọ́, owó yóò sì wọlé. Apá kan nínú rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá jókòó ti ìṣirò, ohun tó máa ń kọ́kọ́ hàn ni pé CO2 fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìnáwó tó wúwo jù, kì í sì í ṣe ibẹ̀ ni èrè ti ń wá. Iná mànàmáná, èlé orí owó tí a yá, àti oníbàárà tó ṣe tán láti san ju iye ọjà lásán lọ ni wọ́n ń pinnu bóyá ilé iṣẹ́ náà yóò dúró tàbí yóò wó. Ọjà kan ni ìtọ́sọ́nà yìí yóò tẹ̀ lé jù, ìyẹn mẹ́tánọ́ọ̀lù, ohun olómi tó ń jó bí epo, tí a sì tún lè fi ṣe ike, nítorí pé ó ti pẹ́ tí a ti ń fi CO2 ṣe é fún títà, ìwọ̀n rẹ̀ sì yé ènìyàn kedere. Bí a bá ti mọ ọ̀nà rẹ̀, a lè gbé ọ̀nà kan náà lọ sórí ọjà mìíràn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wọn ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde

Kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ owó, ẹ jẹ́ kí a mọ ìwọ̀n. Ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì ilé ìwé girama tó fún èyí. Ìwọ̀n CO2 jẹ́ 44, ti mẹ́tánọ́ọ̀lù jẹ́ 32, háídírójìn tí a ó pò mọ́ CO2 náà sì jẹ́ 6. Bí a bá fi 32 pín 44, a ó rí 1.375, bí a bá fi 32 pín 6, a ó rí 0.1875. Ìyẹn ni pé tọ́ọ̀nù mẹ́tánọ́ọ̀lù kan kò lè gbé ju tọ́ọ̀nù CO2 1.375 sínú lọ, kò sì ṣeé ṣe láìsí kílò háídírójìn 187.5. Kò sí ọgbọ́n ẹ̀rọ tó lè yí iye yìí padà. Bí ẹnìkan bá gbé ìwé wá pé tọ́ọ̀nù mẹ́tánọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ti ilé iṣẹ́ òun ń ti tọ́ọ̀nù CO2 mẹ́ta mọ́nú, ẹ dá ìwé náà padà fún un.

Ní Svartsengi, lórílẹ̀-èdè Áísìlándì, Carbon Recycling International ṣí ilé iṣẹ́ mẹ́tánọ́ọ̀lù kan ní ọdún 2012, wọ́n sì fi orúkọ George Olah, ọ̀jọ̀gbọ́n tó gba ẹ̀bùn Nobel fún kẹ́mísírì ní 1994, pè é. Tọ́ọ̀nù mẹ́tánọ́ọ̀lù 4,000 lọ́dún ni wọ́n kọ́ ọ fún, tọ́ọ̀nù CO2 5,500 ni wọ́n sì ní ó lè lò lọ́dún kan. Ẹ fi 4,000 pín 5,500, ẹ ó rí 1.375 gan-an. CO2 tiwọn kò ti inú èéfín ohun jíjó wá: ó ń bá oru omi gbígbóná jáde láti inú àwọn kànga jíjìn tí wọ́n gbẹ́ fún iná mànàmáná, òórùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́ sì ń bá a rìn nítorí imí-ọjọ́ tó wà nínú rẹ̀. A gbọ́dọ̀ yọ imí-ọjọ́ yìí kúrò pátápátá kí afẹ́fẹ́ náà tó dé inú agolo ìpòpọ̀, nítorí pé díẹ̀ péré nínú rẹ̀ lè pa ohun amúyára tí a fi bàbà àti sínkì ṣe, èyí tí iṣẹ́ náà kò lè lọ láìsí. Ẹ rí i dájú pé owó ìfọ̀mọ́ yìí wà nínú ìwé ìdábàá tí a bá gbé síwájú yín, nítorí pé òun ni wọ́n máa ń gbàgbé.

Iye 1.375 yẹn jẹ́ ti ẹ̀kọ́. Nínú ẹ̀rọ gidi, díẹ̀ máa ń sọnù, nítorí náà èmi yóò fi tọ́ọ̀nù CO2 1.45 àti kílò háídírójìn 195 ṣírò tọ́ọ̀nù mẹ́tánọ́ọ̀lù kan láti ìsinsìnyí lọ. Fún àwọn ọjà mìíràn, ọ̀nà náà kò yàtọ̀: tọ́ọ̀nù yúríà kan ń gba tọ́ọ̀nù CO2 0.73, tọ́ọ̀nù ẹfun òkúta kan ń gba 0.44. Ti ike tún kéré sí i. Nínú èròjà fóòmù tí ilé iṣẹ́ Covestro bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Dormagen, ní Jámánì, ní 2016, CO2 kò ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: ibi tí CO2 ti wá, àti ibi tó ń lọ

Iye tí kíkó CO2 jọ yóò náni dá lórí bó ṣe pọ̀ tó nínú èéfín tí a fẹ́ yọ ọ́ kúrò. Níbi tí a ti ń ṣe ẹ́tánọ́ọ̀lù tàbí tí a ti ń fọ gáàsì ilẹ̀ mọ́, CO2 tó ń jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ máà ní àmúlùmálà, àjọ International Energy Agency sì ti ṣírò pé kíkó o jọ níbẹ̀ wà láàárín dọ́là 15 sí 25 fún tọ́ọ̀nù kan. Nínú èéfín ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì tàbí ti ilé iṣẹ́ iná, ó wà láàárín dọ́là 40 sí 120. Bí ó bá jẹ́ inú afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí ni a ti fẹ́ yọ ọ́, níbi tí CO2 kò ti ju nǹkan díẹ̀ lé ní 420 lọ nínú mílíọ̀nù kan, owó náà yóò wọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là. Owó fífún un mọ́ra àti gbígbé e láti ibi kan dé ibòmíràn tún wà lọ́tọ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, a ó mú dọ́là 50.

Ibi tó ń lọ ṣe pàtàkì bákan náà, nítorí pé ìjọba àti oníbàárà kì í san owó kan náà fún CO2 tó dúró àti èyí tó tún padà jáde. Bí a bá ṣí ìgò ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, ariwo tó máa ń tẹ̀ lé e, CO2 ló ń padà sófuurufú lójú ẹsẹ̀. Mẹ́tánọ́ọ̀lù yóò jó nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òkun láàárín oṣù díẹ̀. Èyí tó wọnú kọnkéré di òkúta, yóò sì wà níbẹ̀ pẹ́.

Ẹ wo ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ Dangote ní Ibẹ̀jú-Lẹ́kkí, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹta ọdún 2022, tí agbára rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù yúríà mẹ́ta lọ́dún. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ ní kíkún, ìṣirò wa sọ pé yóò nílò nǹkan bíi mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù CO2 2.2 lọ́dún. Iye tó tóbi ni, ṣùgbọ́n inú gáàsì tí wọ́n fi ń ṣe amóníà fún ajílẹ̀ kan náà ni CO2 yìí ti ń wá, nígbà tí àgbẹ̀ bá sì fọ́n yúríà náà sí oko àgbàdo, tí òjò rọ̀ sí i, yóò tú, CO2 rẹ̀ yóò sì padà sínú afẹ́fẹ́. Yúríà jẹ́ òwò rere, oúnjẹ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìpamọ́ CO2.

Ìgbésẹ̀ kẹta: iná mànàmáná

Ibí ni kí ẹ ti lo àkókò yín jù. CO2 ti jó tán kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Kò ní agbára kankan tó kù nínú rẹ̀. Gbogbo agbára tí a ó tún rí nínú mẹ́tánọ́ọ̀lù, àfi kí a fi háídírójìn gbé e wọlé, bí a bá sì fẹ́ kí háídírójìn náà mọ́, àfi kí a fi iná mànàmáná yà á kúrò lára omi. Bí ẹ̀rọ kò bá tilẹ̀ fi nǹkan kan ṣòfò, kílò háídírójìn kan yóò gba yúníìtì iná 39.4. Àwọn ẹ̀rọ tó wà lórí ọjà ń gbà láàárín 50 sí 55. Bí a bá mú 53, kílò 195 yóò gba yúníìtì 10,335; tí a bá fi iná tí ẹ̀rọ ìfúnpọ̀ àti ìsè yóò lò kún un, a ó dé nǹkan bíi yúníìtì 11,000 fún tọ́ọ̀nù mẹ́tánọ́ọ̀lù kan.

Bí yúníìtì kan bá jẹ́ sẹ́ǹtì mẹ́ta, ìyẹn jẹ́ dọ́là 330. Ní sẹ́ǹtì márùn-ún, ó di 550. Ní sẹ́ǹtì mẹ́wàá, ó di 1,100. Ẹ wá fi wé CO2: tọ́ọ̀nù 1.45 ní dọ́là 50 jẹ́ dọ́là 72.50 péré. Bí ẹnìkan bá tilẹ̀ ta wá lọ́rẹ gbogbo CO2 náà, àfikún sẹ́ǹtì kan lórí yúníìtì iná, tí í ṣe dọ́là 110 lórí tọ́ọ̀nù kan, yóò gbé ẹ̀bùn náà mì, yóò sì tún jẹ wá ní gbèsè. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìpàdé lórí irú iṣẹ́ yìí ló máa ń lọ lórí ẹ̀rọ ìkó-CO2 láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì béèrè ẹni tí yóò ta iná fún wọn àti iye tí yóò tà á. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Iye owó nìkan kọ́ ni kí ẹ béèrè lórí iná náà. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi ń ṣe é. Ilé iṣẹ́ iná tó ń lo gáàsì lọ́nà tó dára ń tú nǹkan bíi 0.4 kílò CO2 jáde lórí yúníìtì kan. Yúníìtì 11,000 yóò tú tọ́ọ̀nù 4.4 síta kí a lè gba tọ́ọ̀nù 1.45 wọlé. Bí ó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ dísù ni, ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń sọ owó àti afẹ́fẹ́ rere nù lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí ìdí láti máa bá ìṣirò rẹ̀ lọ. Ohun tó jẹ́ kí ti Svartsengi ṣeé ṣe ni pé ooru inú ilẹ̀ ló fún wọn ní iná.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: owó tí a fi kọ́ ọ, èlé rẹ̀, àti iye wákàtí tó ń ṣiṣẹ́

Ẹ jẹ́ kí a fi ilé iṣẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ, tó lè ṣe tọ́ọ̀nù 10,000 lọ́dún, tí kíkọ́ rẹ̀ ná mílíọ̀nù dọ́là 35. Àbá lásán ni iye yìí, ẹni tó bá ń ṣe é gidi gbọ́dọ̀ gba iye lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ́ ọ. Láti mọ iye tí owó yìí ń jẹ́ lórí tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan, a ní láti mọ iye tí a ó máa san lọ́dọọdún kí gbèsè àti èlé rẹ̀ lè tán. Bí èlé bá jẹ́ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún fún 20 ọdún, ìsanwó ọdún kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0.1175 nínú gbogbo owó náà, ìyẹn mílíọ̀nù dọ́là 4.11, tàbí dọ́là 411 lórí tọ́ọ̀nù kan. Bí èlé bá jẹ́ 20, ó di 0.2054, ìyẹn dọ́là 719. Ìyàtọ̀ dọ́là 308 yìí kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé ìpìlẹ̀ èlé rẹ̀ dé 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá ń ronú láti fi owó náírà tó yá kọ́ irú ilé iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ fi iye èlé tó wà nílé lọ́jọ́ tó ń ṣírò sójú ìwé, kì í ṣe ti Yúróòpù.

Ìbéèrè kejì ni iye wákàtí. Oòrùn kì í ràn lóru. Bí iná wa bá jẹ́ ti oòrùn nìkan, tí ilé iṣẹ́ náà sì ń ṣe ìdá 40 péré nínú ọgọ́rùn-ún iye tó lè ṣe, gbèsè kò ní dín kù nítorí bẹ́ẹ̀: dọ́là 411 yẹn yóò di 1,028 lórí tọ́ọ̀nù kan. Nítorí náà, iná olówó pọ́ọ́kú tó ń wá fún wákàtí díẹ̀ lójúmọ́ lè wọ́n ju iná olówó gíga tí kì í lọ. Ẹ máa ṣírò méjèèjì pọ̀, ẹ má ṣe yà wọ́n.

Owó àtúnṣe, òṣìṣẹ́ àti adójútòfò wà pẹ̀lú. Ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìkọ́lé lọ́dún bójú mu, ìyẹn dọ́là 140 lórí tọ́ọ̀nù. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí ilé iṣẹ́ tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò ná, àwọn ẹnjiníà máa ń gbà pé bí a bá sọ ìwọ̀n di ìlọ́po méjì, owó kíkọ́ rẹ̀ yóò jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po 1.5. Lórí ẹ̀rọ tó ń ya omi, ìrètí yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ ṣẹ, nítorí pé ńṣe ni a máa ń to ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kan náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ ro ó pọ̀, kí ẹ tó fi í wé

CO2 dọ́là 73, iná dọ́là 550, owó ìkọ́lé dọ́là 411, àtúnṣe àti òṣìṣẹ́ dọ́là 140: àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,174 lórí tọ́ọ̀nù kan. Iná àti owó ìkọ́lé nìkan ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún lọ nínú rẹ̀. Ohun kan wà tó lè dín in kù díẹ̀: bí a bá ti ya kílò háídírójìn kan, kílò ọ́síjìn mẹ́jọ ń jáde, nítorí náà tọ́ọ̀nù mẹ́tánọ́ọ̀lù kan ń bá tọ́ọ̀nù ọ́síjìn 1.56 rìn. Bí ilé ìwòsàn tàbí ilé iṣẹ́ irin bá wà nítòsí tí yóò rà á, ẹ kọ ọ́ sí apá owó tó ń wọlé. Bí kò bá sí, ẹ fi òdo síbẹ̀.

Ẹ wá wo ọjà. Methanex, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó ń ta mẹ́tánọ́ọ̀lù jù lágbàáyé, máa ń gbé iye tó ń tà síta fún gbogbo ènìyàn, níbẹ̀ ni kí ẹ ti mú iye ọjọ́ tí ẹ bá ń ṣírò. Bí a bá mú dọ́là 400 fún èyí tí a fi gáàsì ṣe, àlàfo tó wà láàárín tiwa àti tiwọn jẹ́ dọ́là 774. Ẹ ṣọ́ra níbí yìí: bí ọkọ̀ òkun ló fẹ́ rà á, kì í ṣe tọ́ọ̀nù sí tọ́ọ̀nù ni yóò fi wé epo tó ń lò tẹ́lẹ̀. Agbára tó wà nínú tọ́ọ̀nù mẹ́tánọ́ọ̀lù méjì ló ń ṣe iṣẹ́ tọ́ọ̀nù epo ọkọ̀ kan.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi iye CO2 tí ayé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pín àlàfo náà. Ẹ má ṣe fi 1.45 pín in, nítorí pé CO2 tí a kó wọlé yàtọ̀ sí CO2 tí a kò jẹ́ kó jáde. Òfin Yúróòpù ka epo àtijọ́ sí gíráàmù CO2 94 lórí mẹgajúùlù kan, ìyẹn òṣùwọ̀n agbára tó wà nínú epo. Lórí tọ́ọ̀nù mẹ́tánọ́ọ̀lù kan, ìyẹn jẹ́ tọ́ọ̀nù 1.87. Òfin kan náà ní kí epo tuntun dín in kù ní ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ó kéré tán, tí í ṣe tọ́ọ̀nù 1.31. Àlàfo wa yóò wá jẹ́ dọ́là 591 lórí tọ́ọ̀nù CO2 kọ̀ọ̀kan tí a yẹ̀ sílẹ̀. Bí iná wa bá mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìdínkù náà fi dé ìdá 90, ó di 460. Iye yìí ni ẹ ó máa gbé káàkiri lọ bá ìjọba, oníbàárà àti olùdókòwò, nítorí pé òun nìkan ni a lè fi wé ọ̀nà mìíràn tí a fi ń dín èéfín kù.

Bí ọjà náà kì í bá ṣe epo

Kọnkéré ń béèrè ìṣirò tó kúrú, ìwádìí rẹ̀ sì wù mí fún ilẹ̀ wa ju ti epo lọ. Nínú ọ̀nà tí CarbonCure ti Kánádà ń lò, wọ́n ń fún CO2 díẹ̀ sínú kọnkéré bó ṣe ń yí nínú agolo ìpòpọ̀. Ó ń di ẹfun òkúta wẹ́wẹ́ níbẹ̀, kọnkéré náà ń le sí i, a sì lè dín sìmẹ́ńtì kù. CO2 tó wọlé kéré gan-an. Inú sìmẹ́ńtì tí a kò lò ni èrè wà. Bí mítà onígun mẹ́ta kọnkéré kan bá ń gba kílò sìmẹ́ńtì 300, tí a sì dín ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún kù, kílò 15 ni a fi pamọ́. Ní nǹkan bíi mítà onígun mẹ́ta 3.3, a ti fi àpò sìmẹ́ńtì kan sílẹ̀. Ẹ fi iye àpò kan lọ́jà yín ṣírò rẹ̀, ẹ yọ owó CO2 àti ti ẹ̀rọ kúrò, ohun tó kù ni èrè. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dán agbára kọnkéré náà wò pẹ̀lú sìmẹ́ńtì tí a ń tà ládùúgbò yín, ní ọjọ́ 7 àti ọjọ́ 28, nítorí pé ilé tó wó kò ní èrè.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ta ni yóò san àlàfo náà?

Ẹ kọ orúkọ ẹni tí yóò san án sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ọdún tí ìsanwó náà yóò parí. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 2022 fún ẹni tó bá lo CO2 ilé iṣẹ́ nínú ọjà ní ẹ̀dínwó owó orí dọ́là 60 lórí tọ́ọ̀nù kan, nígbà tí ẹni tó bá rì í sábẹ́ ilẹ̀ ń gba 85. Òfin ọdún 2025 wá sọ méjèèjì di 85 fún àwọn ilé iṣẹ́ tuntun. Bí wọ́n bá tilẹ̀ ka gbogbo tọ́ọ̀nù 1.45 wa, dọ́là 123 ni a ó rí nínú 774 tí a ń wá. Yúróòpù ní ìlànà tirẹ̀: CO2 tó wá láti inú ohun jíjó ilé iṣẹ́ iná lè wọ inú ìṣirò epo mímọ́ títí di 2036 nìkan, ti àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn títí di 2041. Ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ san gbèsè fún 20 ọdún láti òní yóò kọjá ọdún wọ̀nyẹn, nítorí náà ibi tí yóò ti máa rí CO2 lẹ́yìn ìgbà náà gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀.

Apá tó kù ń bọ̀ lọ́wọ́ oníbàárà. Ní Súídìn, Ørsted, ilé iṣẹ́ iná mànàmáná ti Dẹ́ńmáàkì, ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní FlagshipONE, tí ì bá máa ṣe tọ́ọ̀nù mẹ́tánọ́ọ̀lù 55,000 lọ́dún, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹjọ ọdún 2024 wọ́n dá a dúró, wọ́n ní àwọn kò rí àdéhùn títà ọlọ́jọ́ pípẹ́ ní iye tó lè gbé e, owó kíkọ́ rẹ̀ sì ti lọ sókè. Ẹ̀rọ kọ́ ló dá wọn dúró. Ní Kassø, ní Dẹ́ńmáàkì, ọ̀rọ̀ náà lọ bí òmíràn. Ilé iṣẹ́ tọ́ọ̀nù 42,000 tí wọ́n ṣí níbẹ̀ ní 2025 ti ní àwọn tí yóò rà á: Maersk fún ọkọ̀ òkun, LEGO fún ohun ìṣeré ọmọdé, àti Novo Nordisk tó ń ṣe oògùn àtọ̀gbẹ. Ẹ ronú sí àwọn méjì tó kẹ́yìn yẹn. Ike tó wà nínú ohun ìṣeré kan kò wúwo, nítorí náà bí èròjà rẹ̀ bá wọ́n ní ìlọ́po mẹ́ta, ohun tí yóò kún iye tí òbí ọmọ ń san kò tó nǹkan. Ọlọ́kọ̀ òkun kò ní irú ààyè bẹ́ẹ̀, nítorí epo jẹ́ ọ̀kan lára ìnáwó rẹ̀ tó tóbi jù.

Kí ẹ tó bu ọwọ́ lùwé, ẹ béèrè fún àdéhùn títà tó ní iye owó nínú, kì í ṣe lẹ́tà ìfẹ́ lásán, kí gígùn rẹ̀ sì tó iye ọdún gbèsè. Ẹ béèrè fún àdéhùn iná tó ní iye yúníìtì àti iye wákàtí nínú. Lẹ́yìn náà, ẹ tún ìṣirò náà ṣe pẹ̀lú sẹ́ǹtì méjì lé lórí iná, èlé tó fi ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, àti iṣẹ́ tí kò ju ìdá 70 lọ nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí iye tó wà nínú àdéhùn títà yẹn kò bá lè gbé àbájáde rẹ̀, iṣẹ́ náà kò tíì tó gbówó sí.